Ẹnu Ọ̀nà Tí A Ti Ń Dúró De Àgbà

Bí ẹ bá wà nínú rélùwéè tó ń ti Òṣogbo bọ̀, kí ó tó dúró ní Ìkirun, ẹ ó rí ilẹ̀ kan lẹ́bàá ojú irin tí koríko ti bò, tí igi ọ̀dán kan dá dúró láàárín rẹ̀. Ilé gbọọrọ kan wà níbẹ̀ rí. Mo ti fẹ́ sọ̀rọ̀ ilé náà tipẹ́, ṣùgbọ́n ìyá tó ni ọ̀rọ̀ náà gan-an wà láàyè nígbà yẹn, mi ò sì lè máa sọ ọ̀rọ̀ onílé lójú onílé. Kí wọ́n tó lọ, wọ́n ní, "Bí mo bá ti kúrò, o lè sọ ọ́. Má fi kún un, má sì yọ kúrò níbẹ̀." Nítorí náà, ẹ jẹ́ kí n rọra máa sọ ọ́. Ọ̀rọ̀ tó bá mú ẹ̀mí lọ, a kì í sáré sọ ọ́.

Ilé òwú là ń pè é. Lásìkò ọyẹ́, òwú máa ń ti oko Èkó Ẹ̀ńdé, Ìgbàyè àti Òkukù wá nínú àpò. Lọ́rì á já a sílẹ̀, ẹ̀rọ ńlá kan á sì ya kóró rẹ̀ sọ́tọ̀. Ṣùgbọ́n ẹ̀rọ kò mọ ewé gbígbẹ yàtọ̀ sí òwú. Kò mọ èèpẹ̀, kò mọ igi wẹ́wẹ́. Àwa obìnrin la mọ ìyẹn. Àwa là ń jókòó sórí àpótí, tí à ń ṣa ìdọ̀tí kúrò lára òwú kí ó tó dé ẹnu ẹ̀rọ. Bí a bá ń lọ sílé lálẹ́, irun wa á funfun bíi ti arúgbó, àwọn ọmọ àdúgbò a sì máa kí wa pé, "Ẹ káalẹ́, ẹ̀yin ìyá àgbà."

Òkukù ni wọ́n bí mi sí, Ìkirun ni mo ti rí ọkọ. Ìyá ọkọ mi ni olórí àwọn tó ń ṣa òwú. Àwọn ni wọ́n mú mi débẹ̀, lọ́dún kejì tí ilé-ìwé ọ̀fẹ́ bẹ̀rẹ̀, nígbà tí mo já ọmọ mi lẹ́nu ọmú. Ìyá ni gbogbo wa ń pè wọ́n. Obìnrin gíga ni wọ́n, ọ̀rọ̀ kò pọ̀ lẹ́nu wọn, wọn kì í sì í yára rìn. Bí òjò bá ń lé wọn bọ̀, ìrìn àtàárọ̀ náà ni wọn á máa rìn. Wọ́n ní àgbà kì í sáré lójú ọmọdé.

Ìjókòó wa ní ètò. Fèrèsé kan ṣoṣo ló wà lápá òkè ilé náà, irin ni wọ́n fi dí i, ibẹ̀ sì ni atẹ́gùn àti ìmọ́lẹ̀ ń gbà wọlé. Ibẹ̀ ni àwọn ìyá ń jókòó. Láti ibẹ̀ wá sísàlẹ̀, bí kálukú ṣe wọlé ọkọ ló ṣe ń jókòó, nítorí inú agbo ilé méjì mẹ́ta péré ni ọ̀pọ̀ wa ti wá. Ẹni tó bá wọlé kẹ́yìn ló ń jókòó sẹ́nu ọ̀nà, níbi tí eruku ọyẹ́ ti ń fẹ́ síni lójú. Èmi nìyẹn.

Àbúrò ọkọ mi obìnrin jókòó láàárín. Mo fi bí ọdún mẹ́ta jù ú lọ, ṣùgbọ́n wọ́n ti bí i sílé kí n tó débẹ̀, nítorí náà òun ni àgbà mi. Ìyàwó kì í pe ọmọ ilé lórúkọ. Adúmáadán ni mo ń pè é, torí pé ara rẹ̀ dúdú, ó ń dán. Òun náà ń pè mí ní ìyàwó mi, ẹnu rẹ̀ kì í sì í sinmi.

"Ìyàwó mi, ṣé o ti jẹun?"

"Mo ti jẹ, Adúmáadán."

"O jẹun, o ò bu tèmi sílẹ̀. Ṣé bí wọ́n ṣe ń ṣe ìyàwó ní Òkukù nìyẹn?"

"Ní Òkukù, ọmọ ilé ló ń dáná fún ìyàwó."

"Ìyá, ẹ gbọ́ ohun tí ìyàwó yín wí."

Ìyá á dáhùn láti ìdí fèrèsé, wọn ò ní gbójú sókè: "Mo gbọ́. Ẹ jẹ́ kí ọwọ́ yín máa yá bí ẹnu yín."

Ọ̀gá tó ni ilé òwú kì í ṣe èèyàn burúkú. Ará Òṣogbo ni, ó máa ń kí wa lẹ́nì kọ̀ọ̀kan, ó sì máa ń fún wa níyọ̀ lọ́dún. Ṣùgbọ́n wọ́n ti jí òwú rẹ̀ rí, wọ́n fi ṣe ìrọ̀rí àti òwú fìtílà, ọ̀rọ̀ náà sì ká a lára. Ó ní kí káfíńtà fi pákó dí ẹnu ọ̀nà wa títí tí yóò fi gba ẹnì kan ṣoṣo. Inú ni wọ́n ń fa ilẹ̀kùn náà sí, bí a bá sì fi í sílẹ̀, á padà fúnra rẹ̀. Bàbá ọlọ́dẹ kan máa ń dúró síta. Bí a bá ń jáde, a ó gbọn ìró wa níwájú bàbá yìí, a ó gbọn gèlè, kí ó tó ní ká máa lọ. Ẹnu ọ̀nà kejì, èyí tó fẹ̀, wà lápá ibi tí ẹ̀rọ wà, ṣùgbọ́n àpò òwú ni wọ́n tò síbẹ̀ kan òrùlé.

Bí ago bá dún nírọ̀lẹ́, àwa tí a wà lẹ́nu ọ̀nà á dìde, a fara ti ògiri, a kúnlẹ̀ díẹ̀, àwọn ìyá a sì máa kọjá lọ́kọ̀ọ̀kan. Ẹ kú iṣẹ́, Ìyá. Ẹ kú iṣẹ́, Ìyá. Lẹ́yìn wọn ni àwọn ọmọ ilé, lẹ́yìn ìyẹn ni àwọn ìyàwó àgbà. Èmi tí mo sún mọ́ ọ̀nà jù lọ ni mo ń jáde kẹ́yìn. Kò sí ẹni tó fi òfin yẹn lélẹ̀. Bí a ṣe ń ṣe nílé náà ni, ó sì tẹ́ wa lọ́rùn.

Lọ́jọ́ tí mò ń wí yìí, ọyẹ́ mú gan-an. Láti àárọ̀ ni ẹ̀rọ ti ń dún bí ẹni tó ń payín keke. Ọkùnrin tó ń tọ́jú rẹ̀ ní bí òun bá parí àpò tó wà nílẹ̀, òun á ta epo sí i. A jẹun ọ̀sán, a padà sẹ́nu iṣẹ́. Kò pẹ́ lẹ́yìn náà ni iná ta láti ara irin, ó sì bọ́ sórí òwú.

Iná òwú kì í ṣe bí iná igi. Kì í ké. Ó máa ń sáré lórí òwú bí atẹ́gùn ṣe ń sáré lórí koríko, ẹ óò kàn rí i pé ibi tó funfun tẹ́lẹ̀ ti ń dúdú. Ẹnì kan ní, "Iná." Kò tilẹ̀ pariwo.

Ẹ fara balẹ̀ gbọ́ èyí, torí ibẹ̀ ni gbogbo ọ̀rọ̀ wà. Kò sẹ́ni tó ti ẹnìkejì. Àwọn tó wà lẹ́bàá ọ̀nà dìde, wọ́n fara ti ògiri, wọ́n ń dúró de àwọn ìyá.

Èmi ò dúró. Mi ò lè sọ pé mo rò ó. Ẹsẹ̀ mi ló gbé mi. Mo fa ilẹ̀kùn, mo sì jáde níwájú ìyá ọkọ mi, níwájú ọmọ ilé, níwájú gbogbo ẹni tó ṣáájú mi dé. Bàbá ọlọ́dẹ wò mí.

"Ìyàwó, ago ò tí ì dún. Gbọn aṣọ rẹ."

Ẹ ò ní gbàgbọ́. Mo gbọn ọ́n. Mo dúró lójú oòrùn, mo gbọn ìró, mo gbọn gèlè, kí n tó róhùn sọ pé iná wà nínú ilé. Bàbá náà sọ igi ọwọ́ rẹ̀ nù, ó sì sáré lọ sẹ́nu ọ̀nà.

Àwọn ìyá ń bọ̀. Wọ́n ń jáde lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n ń wúkọ́. Adúmáadán ti wá dúró sẹ́yìn ilẹ̀kùn, ó fi èjìká dì í mú kí ó má baà padà pa dé mọ́ wọn. Mo rí apá rẹ̀. Mo rí Ìyá tí wọ́n ń kọjá lábẹ́ apá náà, wọ́n ń rìn bí wọ́n ṣe máa ń rìn. Mo gbọ́ tí ó ní, "Ìyá, ẹ máa lọ, mo ń bọ̀." Lẹ́yìn náà ni àpò òwú tó wà lápá ẹ̀rọ wó, èéfín tú jáde lẹ́ẹ̀kan náà, mi ò sì rí apá yẹn mọ́.

Àwọn mẹ́fà ni kò jáde, Adúmáadán wà nínú wọn. Gbogbo wọn ló wà lára ògiri lẹ́bàá ọ̀nà.

Lẹ́yìn tí a sìnkú tán, Ìyá ò bá mi sọ̀rọ̀. Wọn ò bú mi. Mo máa ń kúnlẹ̀ láàárọ̀, mo máa ń sọ pé, "Ẹ káàárọ̀, Ìyá," wọn á ní, "Hùn." Wọn ò pè mí ní ìyàwó mọ́. Àwọn yòókù nínú agbo ilé ló ń sọ̀rọ̀, wọn ò sì sọ ọ́ sí mi lójú. Wọ́n máa ń sọ ọ́ sí ìkòkò tí wọ́n ń fọ̀.

"Ẹni tó yẹ kó jáde kẹ́yìn ló wà láyé."

"Kí lẹ fẹ́ kó ṣe? Kì í ṣe òun ló bí ọmọ ilé."

Nígbà tó pé oṣù kan, mo gbé ọmọ mi, mo wọ lọ́rì, mo padà sí Òkukù sọ́dọ̀ ìyá mi. Ọkọ mi wá lẹ́yìn ọjọ́ mélòó kan. Ó jókòó lórí àga, ó ń fi ẹsẹ̀ wa ilẹ̀.

"Ìyá ò ní kí o má padà," ó ní.

"Ṣé wọ́n ní kí n padà?"

Mo mọ̀ pé bí Ìyá ò bá fẹnu ara wọn pè mí, kò sí ilé ọkọ fún mi mọ́, ọmọ mi yóò sì padà sí Ìkirun láìsí mi tó bá dàgbà díẹ̀ sí i. Ọkọ mi náà mọ̀. Ó jẹ iyán tí ìyá mi gbé fún un, ó sì lọ.

Òun náà ló tún padà wá lọ́sẹ̀ kejì pẹ̀lú ọ̀rọ̀ mìíràn. Ìjọba ti rán alábẹ̀wò kan láti Ìbàdàn wá. Yóò jókòó ní kọ́ọ̀tù Ìkirun láti gbọ́ bí iná ṣe pa èèyàn. Ọ̀gá ilé òwú ti sọ tirẹ̀ fún un. Ó ní ẹ̀rù ló ba àwọn obìnrin, wọ́n rọ́ lu ara wọn, wọ́n sì tẹ ara wọn pa. Ó ní ilẹ̀kùn kò ní ẹ̀bi. Alábẹ̀wò wá ń béèrè ẹni tó kọ́kọ́ jáde.

Ìyá mi gbé ọwọ́ lérí. "Má lọ o. Bí o bá fẹnu ara rẹ sọ ọ́ lójú gbogbo Ìkirun pé ìwọ lo ṣáájú ìyá ọkọ rẹ jáde, ta ni yóò tún pè ọ́ sílé?"

"Bí mi ò bá lọ, wọ́n á kọ ọ́ sílẹ̀ pé Adúmáadán ń ti àwọn èèyàn, tàbí pé wọ́n tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀. Wọn ò tẹ̀ ẹ́. Ó dúró ni."

Ìyá mi dìde, wọ́n sì lọ bá mi wá aṣọ tó mọ́.

Kọ́ọ̀tù kún. Alábẹ̀wò náà jẹ́ ọkùnrin tín-ínrín, ó wọ ṣòkòtò kaki péńpé àti ìbọ̀sẹ̀ tó dé orúnkún. Ó sọ̀rọ̀ sí mi jẹ́jẹ́. Ó ní kí n sọ bí ó ṣe rí. Mo sọ bí a ṣe ń jókòó. Mo sọ nípa ilẹ̀kùn àti aṣọ gbígbọ̀n. Nígbà tí mo dé ibi tí àwọn ọ̀dọ́ ti fara ti ògiri, ó dá kíkọ dúró.

"Kí ni wọ́n ń dúró dè?"

"Wọ́n ń dúró de àgbà, sà."

"Iná sì ń jó?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà."

"Ìwọ ńkọ́?"

"Mi ò dúró. Èmi ni mo kéré jù, èmi ni mo kọ́kọ́ jáde."

Ẹnì kan pòṣé lẹ́yìn mi. Mo mọ ohùn náà, ọ̀kan nínú àwọn tó ń sọ̀rọ̀ sí ìkòkò ni. Mo tẹ orí mọ́lẹ̀, mo ní lọ́kàn mi pé ó ti parí fún mi.

Nígbà náà ni mo gbọ́ tí àga dún. Ìyá ti dìde. Kò sẹ́ni tó pè wọ́n.

"Ọ̀gá, ẹ kọ tèmi náà sílẹ̀. Èmi ni wọ́n ń dúró dè. Ọmọ tí mo bí ló di ilẹ̀kùn mú fún mi. Mo gba abẹ́ apá rẹ̀ kọjá. Mo rọra rìn, torí n kò fẹ́ kí àwọn ọmọdé rí mi tí mò ń sáré. Ká ní mo sáré ni, bóyá òun náà ì bá jáde. Ká ní gbogbo wọn ṣe bí ìyàwó mi yìí ti ṣe, mo mọ àwọn tí à bá máa bá sọ̀rọ̀ lónìí. Kò sẹ́ni tó tẹ ẹnì kankan mọ́lẹ̀. Bí wọ́n bá ní àwọn ọmọ wa ò lẹ́kọ̀ọ́, irọ́ ni. Ẹ̀kọ́ tí a kọ́ wọn ló dá wọn dúró, ilẹ̀kùn yẹn ló sì pa wọ́n."

Ọ̀gá ilé òwú bo ojú rẹ̀. Nígbà tí wọ́n tún bi í, ó ní òun ló ní kí wọ́n dí ẹnu ọ̀nà, òun ló sì ní kí wọ́n to àpò síbi èyí tó kù.

Ìyàwó mi ni wọ́n wí. Ọ̀rọ̀ náà ni mò ń gbọ́ lọ́kàn mi títí kọ́ọ̀tù fi tú. Bí a ti fẹ́ jáde, mo rí i pé èmi ni mo wà lẹ́bàá ọ̀nà, Ìyá sì ń bọ̀. Mi ò mọ ìgbà tí mo fara ti ògiri, tí mo kúnlẹ̀ díẹ̀. Ìyá dúró níwájú mi.

"Kí lò ń ṣe níbẹ̀ yẹn?"

"Ẹ máa lọ, Ìyá."

"Ìwọ lo sún mọ́ ọ̀nà. Jáde, jẹ́ kí èmi náà ríbi gbà. Bí a bá délé, lọ bá mi gbé omi sórí iná. Orúnkún ń dùn mí."

Bí mo ṣe padà sílé ọkọ mi nìyẹn.

Ó tó oṣù mẹ́rin kí ìwé ìjọba tó dé. Ó ní kò sí ilé òwú tàbí ilé iṣẹ́ ẹ̀rọ kankan lágbègbè wa tó gbọdọ̀ ní ẹnu ọ̀nà kan ṣoṣo. Ìta ni ilẹ̀kùn gbọdọ̀ máa ṣí sí. Ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ to nǹkan síbẹ̀. Bí wọ́n bá fẹ́ yẹ ara èèyàn wò, kí wọ́n lọ ṣe é lẹ́nu géètì. Kí wọ́n ta epo sí ẹ̀rọ kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀, kí omi àti iyanrìn wà nítòsí. Lẹ́ẹ̀kan lóṣù, kí wọ́n lu ago láìròtẹ́lẹ̀, kí gbogbo ènìyàn jáde, kí ẹni tó sún mọ́ ọ̀nà sì ṣáájú. Wọ́n mú ìwé náà lọ sí Òkukù àti Èkó Ẹ̀ńdé. Àwọn tó ni ilé iṣẹ́ kùn pé pákó wọ́n, ṣùgbọ́n wọ́n ṣe é.

Ọ̀gá wa ò kọ́lé sórí ilẹ̀ Ìkirun yẹn mọ́. Ó kọ́ òmíràn sí Inísà, ó ní kí àwa tí a kù máa bọ̀, a sì ń wọ bọ́lẹ́kájà lọ láràárọ̀. Ilẹ̀kùn mẹ́ta ló wà níbẹ̀. Lọ́jọ́ tí alábẹ̀wò wá dán wa wò, ó lu ago. Ẹ ò mọ ohun tó ṣẹlẹ̀? Gbogbo àwọn ọmọbìnrin tó wà lẹ́bàá ọ̀nà dìde, wọ́n fara ti ògiri, wọ́n ń kí àwọn ìyá. Ọkùnrin náà gbé ọwọ́ lérí. Ó tún un sọ, ó lu ago lẹ́ẹ̀kejì. Wọ́n tún dúró. Ọ̀kan lára wọn ní, "Sà, a ò lè kọjá wọn. Ojú ń tì wá."

Ìyá ń wò wọ́n láti ìdí fèrèsé, níbi tí atẹ́gùn ti ń fẹ́. Wọ́n dìde. Wọ́n gbé àpótí ìjókòó wọn, wọ́n gba àárín gbogbo wa kọjá, wọ́n sì gbé e kalẹ̀ sẹ́nu ọ̀nà, nínú eruku.

"Ìyá, eruku wà níbẹ̀ o," ẹnì kan wí.

"Ojú mi ríran. Bí ẹ ò bá lè ṣáájú àgbà, àgbà á wá jókòó síbi tí kò ti ní dá yín dúró. Ẹ̀yin ìyá yòókù, ẹ máa gbé àpótí yín bọ̀. Ẹ̀yin ọmọdé, ẹ lọ sídìí fèrèsé, ẹ lọ jẹ atẹ́gùn tí ẹ ti ń fojú wá tipẹ́."

Àwọn ìyá ráhùn. Ọ̀kan ní òun ò bímọ mẹ́jọ kí òun tún wá máa jẹ eruku ìyàwó. Ìyá ní, "Jẹ ẹ́. Àwọn ọmọ mẹ́jọ náà á bá ọ fọ aṣọ." Ibẹ̀ pa wá lẹ́rìn-ín, wọ́n sì gbé àpótí wọn wá. Láti ọjọ́ náà lọ ni àwọn àgbà ti ń jókòó sẹ́nu ọ̀nà nílé òwú Inísà, kò sì pẹ́ tí ti Òkukù fi ṣe bẹ́ẹ̀. Lẹ́yìn òmìnira, nígbà tí mo lọ ṣiṣẹ́ ní Òkukù tí wọ́n sì ti ń pe èmi náà ní ìyá, ẹnu ọ̀nà ni wọ́n fi hàn mí, mi ò sì bi wọ́n pé èé ṣe.

Ṣùgbọ́n ọjọ́ àkọ́kọ́ yẹn ní Inísà ni mi ò gbàgbé. Lẹ́yìn tí a ti pààrọ̀ ìjókòó, alábẹ̀wò lu ago lẹ́ẹ̀kẹta. Ìyá dìde, wọ́n ti ilẹ̀kùn síta, wọ́n sì sáré. Mo ti ń gbé ilé wọn fún ọdún mélòó kan, ìgbà kìíní tí mo rí ẹsẹ̀ Ìyá kúrò nílẹ̀ nìyẹn. Ìró wọn fẹ́rẹ̀ẹ́ já. Àwa yòókù tẹ̀ lé wọn, kò sí ẹni tó kí ẹnikẹ́ni, kí a tó mọ̀, ilé ti ṣófo.

Ìyá yíjú padà, wọ́n dúró lójú oòrùn, wọ́n ń mí hẹlẹhẹlẹ, wọ́n sì ń ka orí wa lọ́kọ̀ọ̀kan. Alábẹ̀wò ń kọ̀wé, ó ń rẹ́rìn-ín músẹ́. Àwọn ọmọbìnrin ti bẹ̀rẹ̀ sí í fi ara wọn ṣe yẹ̀yẹ́ nípa ẹni tí gèlè rẹ̀ bọ́.

Mo lọ dúró ti Ìyá. Ojú wọn ṣì wà lára ilẹ̀kùn tó ṣí sílẹ̀.

"Ìyá, gbogbo wa ti pé."

"Mo mọ̀," wọ́n ní. "Mo ti kà yín."

Wọ́n ṣì ń wo ilẹ̀kùn náà, bí ẹni tí ọmọ rẹ̀ sọ fún pé òun ń bọ̀.